Àga Tí Gbogbo Ilé Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kò tóbi. Ẹsẹ̀ àga ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní pálọ̀ wa ní Sábọ̀n Gàrí, ní Kánò níbí, àga kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ èṣí. Kò tíì já. Ó kàn ń mì ni. A sọ pé ní ọjọ́ Sátidé a ó wá nǹkan ṣe sí i. Sátidé dé, a lọ síbi ìkómọ. Sátidé kejì, ìpàdé ẹgbẹ́ ni. Ẹ̀kẹta, ó rẹ̀ wá. Bí a ti ń fòní dónìí, tí a ń fọ̀la dọ́la nìyẹn, títí àga náà fi di ọmọ ilé. Àwọn ọmọ mọ̀ pé àwọn kì í jókòó sí i. Bí àlejò bá wọlé, èyí tí ó kéré jù nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ ké pé, "Ẹ má jókòó sí ìyẹn o, sà!" Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe àga nìkan. Nígbà tí a wò ó dáadáa, a rí i pé ilé wa ti kún fún òfin. A gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀kùn yàrá sókè díẹ̀ kí ó tó lè tì. Fèrèsé kan wà tí a kì í ṣí tán. A ń fi okùn so ẹnu ẹ̀rọ omi kí ó má baà máa kán. Garawa ní ipò tirẹ̀ lábẹ́ páànù tí ń jò. Ohun kọ̀ọ̀kan tí a kò tún ṣe ti gbé òfin kan kalẹ̀ fún wa, a sì ń pa gbogbo wọn mọ́ láìjanpata. Ṣùgbọ́n àlejò kò mọ òfin.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wa dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ wọn ti pẹ́ lọ́nà, kò sì sí iná. Àwọn kan ń gbé ẹrù wọlé, àwọn kan ń gbé omi kaná kí wọ́n lè wẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ àga yẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ gbalẹ̀. Ọrùn ọwọ́ wọn ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Káfíńtà tí a pè lọ́jọ́ kejì kò lò ju ààbọ̀ wákàtí lọ lórí àga náà, owó tí ó gbà kò sì tó owó oògùn ọjọ́ kan.

A bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò burú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí a ń ròyìn fún wọn pé a ti fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi kun ilé tí a kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n dá wa dúró. Wọ́n ní, "Ilé yẹn dára. Èmi àti aláǹgbá la jọ ń gbé e. Níbo ni àwọn ọmọ yín ń gbé?"

A kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin ará, àwa tí a wà lẹ́yìn odi ní àwáwí kan tí àwọn ará ilé kò ní. Bí òrùlé bá ń jò, a ó ní, "Ṣé ilé bàbá wa ni?" Bí ilẹ̀kùn bá yẹ̀, a ó ní, "A kò ní pẹ́ lọ sílé mọ́." Òótọ́ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ọdún 1911 ni ọkọ̀ ojú irin dé Kánò. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni wọ́n tẹ̀lé e wá, àwọn náà sì sọ pé àwọn kò ní pẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí. Ibi tí a bá ti ń sùn, tí a ti ń jẹun, tí a ti ń tọ́ ọmọ, ilé wa ni, ìbáà jẹ́ pé à ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Ojú ọjọ́ ìhín kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa fa omi inú igi gbẹ. Igi á sún kì, oríkèé àga á sì yẹ̀. Bí òjò bá dé ní nǹkan bí oṣù kẹfà, igi kan náà á mu omi, á wú, ilẹ̀kùn á sì há. Ẹni tí ó bá fi ìbínú fá ilẹ̀kùn rẹ̀ púpọ̀ nígbà òjò ni yóò rí àlàfo tí eruku yóò gbà wọlé nígbà ọyẹ́. Díẹ̀ ni kí a fá.

Ní ti àga, káfíńtà náà kọ́ wa pé kí a má kan ìṣó mọ́ ọn, nítorí ìṣó a máa la igi. Kí a yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí igi yóò fi hàn, kí a fi tuntun sí i, kí a tì í bọ ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi okùn yí ẹsẹ̀ àga ká, kí a ki igi kékeré bọ okùn náà, kí a lọ́ ọ títí yóò fi le, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ihò ìṣó onílílọ́ tí ó di irin ilẹ̀kùn mú bá ti fẹ̀ jù, kí a fi gọ́ọ̀mù pa igi ìṣáná, kí a kì í sínú ihò náà. Bí ó bá gbẹ, kí a lọ́ ìṣó padà.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni àsìkò òrùlé. Ibi ihò ìṣó ni páànù sábà máa ń gbà jò, ọ̀dà díẹ̀ sì lè dí i. Omi tí ń kán sórí igi àjà kì í pariwo. Igi á máa jẹrà, ikán á sì dé, nítorí ó fẹ́ràn igi tí ó tutù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wáyà iná tí ó bá hó kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ẹ pa iná ilé náà láti orísun rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tí ó kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin ayálégbé, bí ó bá jẹ́ òrùlé tàbí ògiri, ẹ sọ fún onílé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn kí ẹ tó ná owó yín. Àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì, tiyín ni. Ẹ má dúró de ẹnì kan.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ jáde síta, kí ẹ sì tún wọlé yín bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ibikíbi tí ẹnu yín bá ti fẹ́ sọ pé "Ẹ rọra o," tàbí "Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn," ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Sátidé kan, ohun kan. Kí àwọn ọmọ bá yín di okùn mú, kí wọ́n má baà dàgbà sínú àṣà kí a máa rìn yí ohun tí ó bàjẹ́ ká.

Ìyá wa ti padà sílé. Ọwọ́ wọn ti san, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ó máa ń ro àwọn bí òjò bá ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, àga yẹn gan-an ni wọ́n jókòó sí láti mu ẹ̀kọ, gbogbo wa sì dúró, à ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mì.

Ọdún ń bọ̀, àlejò yóò sì ti ilé wá bá wa. Kí Olúwa mú wọn dé láyọ̀, kí wọ́n sì bá ilé ní ipò tí ó yẹ. Ó di oṣù tí ń bọ̀.