Ta Ni Ẹrù Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ní gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn, ẹni tó fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà á sára páálí, yóò gba nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà, yóò san owó wébíìlì, ó di Ọ̀jọ́ta. Kò sẹ́ni tó ń yin gáréèjì pé ó mọ ètò ṣe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ àti bàtà lórí Instagram ṣì ń gbé ọjà wọn lọ síbẹ̀, wọ́n ń fi ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tó ní ọ́fíìsì àti yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀. Bí páálí bá pẹ́, ẹnì kan wà tí wọn yóò pè, ẹni náà yóò sì gbé e. Èébú lè wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sọ pé Ìbàfò lòun wà, táyà ló jò.

Ẹ wá gbé páálí kan náà lọ sí ilé-iṣẹ́. Wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò tẹ rìsíìtì, wọn yóò fún yín ní nọ́ńbà gígùn kan tí ẹ ó máa fi wo ibi tí ẹrù dé lórí fóònù. Lọ́jọ́ kẹrin, ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ kìíní náà lẹ ó tún rí: ẹrù ti kúrò ní ibùdó. Bí ẹ bá pe kọ́sítọ́mà kíà, orin ni yóò kọ́kọ́ dá yín lóhùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ní kí ẹ tẹ 1, kí ẹ tẹ 2, títí káàdì yóò fi tán. Ẹni tó bá jàjà gbé e kò rí ẹrù náà rí, kò mọ ráídà tó gbé e. Agbára rẹ̀ ò ju kó tọrọ àforíjì lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ráídà fúnra rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Iye ẹrù tó bá fi jíṣẹ́ ni wọ́n ń wò sanwó fún un, ilé tó bá ṣòro rí sì ń jẹ ẹ́ lówó. Ibẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń wá pé “A dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ò sí nílé,” nígbà tí fóònù onílé kò dún rárá. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Nínú òwò yìí, wọ́n ti gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́: ráídà ń bẹ̀rù ibùdó, ibùdó ń bẹ̀rù orílé-iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹni tó sanwó. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí ilé-iṣẹ́ tó gba owó ru ẹrù náà títí yóò fi dọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó má sí ibì kankan lójú ọ̀nà tí yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Òfin kò dákẹ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní ẹni tó sanwó iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ kí a ṣe é fún un lásìkò, kí a sì tètè sọ fún un bí ìdádúró bá wà. Kò sì fàyè gba àdéhùn tó fẹ́ yọ ilé-iṣẹ́ nínú ẹ̀bi àìbìkítà tó burú jáì. Ẹ wá yí ẹ̀yìn rìsíìtì padà, ẹ wo lẹ́tà tíntìntín tó wà níbẹ̀: ẹrù tó fọ́, ẹrù tó sọnù, ọrùn oníbàárà ni wọ́n so ó kọ́. Ẹni tí bàtà ₦15,000 rẹ̀ ṣègbé kò ní gba lọ́yà nítorí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ìwé àṣẹ ló yẹ ká ti mú wọn, NIPOST, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló sì ń fún wọn ní ìwé náà. Lọ́dún 2020, nígbà tí NIPOST fi owó ìwé àṣẹ sí mílíọ̀nù 20 náírà fún ẹni tó ń kẹ́rù lọ sókè òkun, mílíọ̀nù 10 fún ẹni tó ń kó o káàkiri orílẹ̀-èdè, ariwo ta débi pé mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ ìgbà náà, Isa Ali Pantami, ní kí wọ́n dá a dúró. Ariwo náà tọ́, àmọ́ orí owó ló dá lé. Kí owó ìwé àṣẹ kéré, kí májẹ̀mú inú rẹ̀ le: kí ọjọ́ tí ẹrù yóò dé wà níwájú rìsíìtì, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹnì kan tó láṣẹ láti dá owó padà. Bí ọjọ́ bá kọjá, kí owó gbà-máà-bínú jáde láìjẹ́ pé a bẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ yóò ní ọ̀nà kò dára, epo ti wọ́n láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́, “ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, géètì dúdú” sì ni àdírẹ́sì tí wọ́n ń rí gbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó dá iye owó, ọ̀nà kan náà sì ni dẹ́rẹ́bà gáréèjì ń gbà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni yóò gbà wọ́n, kí wọ́n kọ márùn-ún. Àtakò tó wúwo ni ti oníbàárà aláìṣòótọ́, ẹni tó di aṣọ àlòkù sínú páálí tó ní fóònù tuntun ni. Kí wọ́n ṣí páálí lójú òṣìṣẹ́ àti oníbàárà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ó ku iye tí wọn yóò san lórí ẹrù tó bá sọnù tàbí tó fọ́, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sọ iye rẹ̀. Èmi fi í sí ìlọ́po mẹ́wàá owó ìfiránṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé ó pọ̀ jù, kó mú tirẹ̀ wá, kó ṣáà ti jẹ́ iye tí a lè kọ síwájú rìsíìtì ní lẹ́tà gàdàgbà.