Tápítà, Bi Ẹnì Kejì Rẹ Léèrè!

Àwọn ògbufọ̀, àwọn tá a ń pè ní tápítà, ni mo bá wá lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá àwọn tó ń dá iṣẹ́ tiwọn ṣe.

Bí obìnrin bá dé kóòtù tó ní, "Ọkọ mi ló gbá mi létí," ta ló gbá a? Ẹ̀yin mọ̀ pé àbúrò ọkọ náà, ọkọ ni. Òyìnbó ò mọ̀ bẹ́ẹ̀! Bí tápítà bá sáré túmọ̀ rẹ̀, baálé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè dèrò ẹ̀wọ̀n.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan o. Lọ́dún 1980, ní Florida l'Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan dé ọsibítù. Àwọn ẹbí rẹ̀, ará Kúbà, ní ó "intoxicado". Lẹ́nu tiwọn, ohun tó jẹ ló ṣe é. Àwọn dókítà gbà pé oògùn ló lò jù. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú orí rẹ̀! Tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ.

Télọ̀ tí sítáì ò bá yé, ṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yà sí. Kí ló wá dé tí tápítà mìíràn ń tijú? Wọ́n ní wọ́n á gba oníbàárà àwọn. Ẹ gbọ́ ná! Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń pàdé, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ tó le kalẹ̀, láì dárúkọ ẹlẹ́jọ́: "Báwo lẹ ṣe ń pe èyí?" Ẹni tó mọ ti kóòtù á kọ́ ẹni tó mọ ti ọsibítù.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ yín túmọ̀ rí, ẹ kọ lẹ́tà sí mi.