Wọ́n Kọ Organic Sára Ike, Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ọjà ìpara kan báyìí: organic. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń bóra máa ń yọ́ ìpara rẹ̀ rà ni, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan náà kò dùn-ún gbọ́. Ní báyìí, ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp kò ní sọ pé ìpara abóra lòun ń tà. Organic ni. Á ní kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀, ewé àti egbò ni, òrí àti oyin ni, kódà ọmọ ọwọ́ lè lò ó. Yóò wá fi àwòrán méjì sí i, ọmọge dúdú lápá òsì, ọmọge kan náà lápá ọ̀tún tó ti di pupa, á ní ọjọ́ méje péré ni. Àwòrán yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ fu èèyàn lára. Kò sí òrí, kò sí oyin, kò sí ewé tí àwọn ìyá wa mọ̀ tó lè sọ ẹni dúdú di pupa láàárín ọjọ́ méje. Bí ìpara bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kò kọ sára ike.

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àríwísí lásán. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC kéde pé ìpara abóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún ìlera Nàìjíríà. Iye tó tọ́ka sí láti ọ̀dọ̀ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni pé obìnrin 77 nínú 100 ló ń lò ó lọ́dọ̀ wa, nígbà tó jẹ́ 59 ní Tógò àti 35 ní Gúúsù Áfíríkà. Ó lè jẹ́ pé iye yẹn ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ dín in kù sí ìdajì, agbo ilé tí ọ̀rọ̀ náà kò ní kàn ṣì máa ṣọ̀wọ́n.

Nínú àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń bóra, mẹ́kúrì ló burú jù. Kì í jẹ́ kí ara pèsè ohun tó ń mú awọ dúdú, ṣùgbọ́n kì í dúró lójú awọ. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, kíndìnrín ló sì máa ń bá jà. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti kọ́kọ́ ní kí ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju ìwọ̀n 1 nínú mílíọ̀nù kan lọ kúrò lọ́jà ní 2020. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tún pàdé ní Geneva ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n ní bó ti wù kó kéré mọ, kí gbogbo rẹ̀ kúrò ní 2025. Àmọ́ òfin tí wọ́n ṣe ní Geneva kì í tètè dé ìsọ̀ àdúgbò. Ojú àwa tí à ń rà á ló ṣì gbọ́dọ̀ là. Bí ẹ bá rí i lára ike pé kí ìpara náà má ṣe kan wúrà, fàdákà tàbí rọ́bà, ẹ gbé e jókòó: mẹ́kúrì ló máa ń ba nǹkan wọ̀nyẹn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí calomel, mercuric tàbí mercurio nínú àwọn orúkọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Hydroquinone ní tirẹ̀, oògùn tí dókítà awọ ara lè fún èèyàn fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í ṣe ohun ìpara ojoojúmọ́. Gúúsù Áfíríkà ti lé e kúrò nínú ìpara ọjà láti 1990, Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Ẹni tó bá ń fi í para fún ọdún gbọọrọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fẹ́ kó pupa gan-an ló lè padà dúdú bí ẹni tí iná rà, ó sì ṣòro kó tó lọ.

Steroid ló kù, bíi clobetasol àti betamethasone. Èyí ni àwọn kan nínú àwọn tó ń po ìpara máa ń rà ní ilé oògùn, tí wọ́n á lù ú pọ̀ mọ́ òrí, tí wọ́n á sì lẹ bébà organic mọ́ ọn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ara á dán, ẹ̀wù á bá a mu, oníbàárà á sì polówó rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, awọ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ilà á yọ sí itan àti apá, egbò kékeré ò ní jinná bọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ bá wá délẹ̀, bóyá ní ilé ìgbẹ̀bí, dókítà ló máa sọ bí awọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu láti rán.

Ẹni tó ń lò ó nìkan kọ́ ló sì ń jìyà rẹ̀. Mẹ́kúrì máa ń wà lára aṣọ ìnura, lára bẹ́ẹ̀dì, lọ́wọ́ ìyá tó fẹ́ gbé ọmọ lọ́mú, ó sì máa ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Wọ́n ti ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọdé tí kò fọwọ́ kan ìpara rí, wọ́n sì bá a lára wọn. A wá gbọ́ pé àwọn ìyá kan ń ra ìpara kí ọmọ jòjòló má bàa dúdú! Awọ ọmọ tín-ínrín, ohun tí à ń fi pa á ló ń mu.

Ẹ̀sìn wa kò dákẹ́ lórí èyí. Sùúrà Rúùmù, ní áàyà 22, ka ìyàtọ̀ àwọ̀ wa mọ́ àwọn àmì Ọlọ́hun. Àwọn onímọ̀ sì ya ẹni tó ń tọ́jú àrùn awọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ bí Ọlọ́hun ṣe dá a. Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé wáàsí nìkan ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹbí ọkọ bá ṣì ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì pé ṣé ọmọ náà pupa. Ìbéèrè yẹn ń ta ìpara ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Ó wá kù sí ohun tí à ń pè ní àdánidá. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí nǹkan bá ti inú ilẹ̀ tàbí lára igi wá, kò lè pani lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. (Omi tí à ń mu pàápàá, kẹ́míkà ni lójú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.) Ẹ wo tìróò. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin oṣù 6 kan tí ẹbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé tìróò tí wọ́n ń lé sí i lójú ni, òjé inú rẹ̀ sì lé ní 80 nínú 100. Làálì náà ńkọ́? Ewé làálì gidi kì í fún ọwọ́ ní àwọ̀ dúdú. Pupa tó ń súnmọ́ àwọ̀ obì ló ń fún un, ó sì máa ń pẹ́ lára kó tó mú. Èyí tó bá dúdú bí èédú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, dáì irun ni wọ́n pò mọ́ ọn, kẹ́míkà PPD inú rẹ̀ sì lè mú kí ọwọ́ ìyàwó wú kó sì bó bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fún sójú náà, bí oòrùn bá pa á mọ́ èèyàn lára, á jó o.

Kí ni ká wá lò? Fún ọ̀pọ̀ ilé, òrí tó. Igi ẹmi wà ní Ṣakí àti Òkè-Ògùn, ó wà ní Kaiama ní Kwara, ó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Niger. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá kíkó èso rẹ̀ tútù lọ sókè òkun dúró fún oṣù 6 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, igbákejì ààrẹ, Kashim Shettima, ní Nàìjíríà ló ń mú nǹkan bí 40 nínú 100 èso náà jáde lágbàáyé, àmọ́ 1 péré nínú 100 owó ọjà rẹ̀ ló ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. À ń ta èso rẹ̀, a wá ń ra ìpara tí wọ́n fi ṣe padà ní owó gọbọi.

Ẹ lè ṣe tiyín nílé. Ẹ fi abọ́ òrí mẹ́ta sínú ìkòkò kékeré, ẹ gbé ìkòkò náà lé orí omi gbígbóná títí òrí fi máa yọ́, ẹ da abọ́ òróró àgbọn kan sí i, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rò ó bó ṣe ń tutù. Ó parí. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sí i ni omi, tàbí ohunkóhun tó lómi nínú, ìbáà ṣe wàrà, oje etí erin tàbí ìbẹ́pẹ. Inú omi ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Ìpara tó bá ní omi nínú gbọ́dọ̀ ní ohun tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìpara oníwàrà òun kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó sì ti wà lórí àtẹ fún oṣù mẹ́ta, ẹ bi í bó ṣe ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú páárá kòkó àti àdín sè dára, àmọ́ ó lágbára. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ má sì fi wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ máa ń gbẹ.

Ẹni tó ti ń lo ìpara tó fura sí, bí steroid bá wà nínú rẹ̀, kó má dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí ojú lè wú kó sì máa ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó gbé ike ìpara náà gan-an dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, títí kan èyí tí kò ní orúkọ kankan lára, kó sì sọ iye oṣù tó ti ń lò ó.