Iṣẹ́ Tí Mo Kọ̀ Láti Jẹ́

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n àìpẹ́ yìí ni mo mọ̀ pé adájọ́ lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì di àṣẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ń gbé ní London. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jà, ó sì lu obìnrin náà lójú ọmọ wọn. Nígbà tí ẹjọ́ parí, adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún un, ṣùgbọ́n ó ní kò tíì ní í wọ ẹ̀wọ̀n náà. Bí ó bá pa òfin mọ́ fún ọdún 2, tí ó sì ń yọjú sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò máa mójú tó o, ó bọ́ nìyẹn. Wọ́n tún fún un ní ìwé àṣẹ: kò gbọdọ̀ dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé, kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe láti ẹnu ẹlòmíràn.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló kàn mí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Bùọ̀dá pè mí ní Ìbàdàn. “Àbúrò mi, bá mi bẹ ìyàwó mi. Sọ fún un pé mo ti ronú pìwà dà. Kí ó ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, màmá wọn ti pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́: “Ìwọ lo kàwé nínú wa. Ṣé o kò lè pẹ̀tù sí aáwọ̀ ni?”

N kò ní purọ́ fún yín. Mo ti kọ “Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” sórí fóònù kí ọkàn mi tó sọ fún mi pé kí n rọra ná. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, “Má fi ránṣẹ́ o.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé, lábẹ́ òfin England, ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró ni kí ènìyàn rú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láìní ìdí tó mọ́yán lórí, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́rùn, adájọ́ yóò ní kí ó lọ ṣe é, àyàfi bí ó bá rí i pé ìyẹn kò ní bá ẹ̀tọ́ mu. Ó sì lè fi tuntun lé e. Ẹni tó bá ń pa ọjọ́ ìpàdé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ alámòójútó jẹ náà lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́ padà. Ní ti àlejò tí kì í ṣe ọmọ ìlú, òfin ọdún 2007 wà níbẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè dá a padà sílé.

“Bí ìyàwó bá wá dárí jì í ńkọ́?” ni mo bi í.

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Ilé-ẹjọ́ ló ni àṣẹ náà, kì í ṣe ìyàwó. Bí obìnrin náà fúnra rẹ̀ bá pè é wá jẹun, ọkọ tó bá lọ ti rú òfin. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àṣẹ náà yí padà, ẹnì kan nínú wọn ní láti padà lọ bẹ ilé-ẹjọ́. Ní ti ọmọ, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí wà. Agbẹjọ́rò ni yóò bá a tọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀ràn òyìnbó nìkan ni èyí. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 lòdì sí ìwà ipá nínú ilé, àti òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti mú lò, fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Àṣà wa fẹ́ràn kí àgbà dá sí ìjà tọkọtaya, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi ara mi sí ipò obìnrin náà. Wọ́n ti sọ fún un pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ yóò wà ní títì. Bí èmi, màmá, àti gbogbo ẹbí bá wá ń kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò gbà á gbọ́ pé ẹ̀bẹ̀ la mú wá?

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì pe Bùọ̀dá. “Bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ yìí, èmi ni mo fà yín lọ sẹ́wọ̀n,” ni mo wí. Wọn kò dáhùn; wọ́n gé fóònù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn ti rí agbẹjọ́rò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Màmá wọn kò tíì dá mi lóhùn títí di òní, bí mo bá kí wọn. Mo ṣì ń kí wọn.