Nígbà Tí Wáífáì Bá Gbé “Kò” Mì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n inú ilé yín gan-an ni ó wà. Bí ẹ bá ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láti ilé ìdáná, tí ẹ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá òkè, ó ṣeé ṣe kí ohùn wọn dákẹ́ fírí, kí ó sì tún padà. Ẹ lè sọ pé kékeré ni. Àmọ́ ẹ rántí pé èdè tiwa ni à ń sọ: ìyá ní “Ara mi kò yá,” fóònù gbé “kò” mì, “Ara mi yá” ni ọmọ gbọ́ ní London, ó sì fọkàn balẹ̀. Irú sílébù bẹ́ẹ̀ kì í gùn ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ, bẹ́ẹ̀ ìdádúró tí ń bá fóònù nígbà tí ó bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ Wáífáì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí a tó dá ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ń ṣe ìpinnu. Fóònù fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ Wáífáì. Apple tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nípa iPhone: àfi bí agbára ìgbì tí ó ń gbọ́ bá rẹlẹ̀ kọjá -70 dBm ni ó tó ń wá ẹ̀rọ mìíràn, bí ọ̀rọ̀ bá sì ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ tuntun náà gbọ́dọ̀ fi 8 dB lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. (Nínú ìṣirò yìí, bí iye bá ti jìnnà sí ìsàlẹ̀ òdo tó ni agbára ń dín kù tó.) Ẹ rí i nígbà náà pé ẹni tí ó ra ẹ̀rọ méjì, tí ó sì ṣí agbára méjèèjì dé góńgó, kò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Fóònù tí ó ti dé òkè yóò ṣì máa gbọ́ ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, yóò sì rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú, títí ohùn yóò fi fọ́. Àwọn òǹtajà kì í sọ èyí fún oníbàárà, bóyá nítorí pé agbára ni wọ́n ń tà.

Nígbà tí ó bá wá pinnu láti ṣí, iṣẹ́ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni wíwá, òun ni ó sì sábà ń jẹ àkókò jù nínú ilé. Ẹ̀rọ Wáífáì kọ̀ọ̀kan ń kéde ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n orí ìkànnì tirẹ̀ nìkan ni. Àwọn ìkànnì tí ó wà lórí 5 GHz nìkan ju 15 lọ, a sì ń bá ẹ̀rọ rédà lo púpọ̀ nínú wọn pọ̀; lórí ìwọ̀nyí, fóònù kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ pariwo, àfi kí ó dákẹ́ kí ó fetí sílẹ̀. Bí ó bá sì ti ń fetí sí ìkànnì mìíràn, kò lè gbọ́ ohùn ìyá yín lórí ti àkọ́kọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ oníbodè. Ẹ̀rọ tuntun yóò bi fóònù léèrè ẹni tí ó jẹ́, wọn yóò sì jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tuntun. Nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń lo pásíwọ́ọ̀dù kan, èyí kì í pẹ́. Ní yunifásítì ni ó ti ń le, bí irú eduroam tí àwọn ọmọ wa ń lò, nítorí pé oníbodè ibẹ̀ ní láti ránṣẹ́ lọ bi kọ̀ǹpútà mìíràn léèrè kí ó tó ṣílẹ̀kùn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ inú ẹgbẹ́ IEEE ti wá nǹkan ṣe sí méjèèjì ní 2008. Ìlànà 802.11k jẹ́ kí ẹ̀rọ tí fóònù wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún un ní orúkọ àwọn aládùúgbò àti ìkànnì wọn, kí ó má baà máa wá kiri. 802.11r ní tirẹ̀ ń pèsè kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ de àlejò lọ́dọ̀ oníbodè kejì. 802.11v, tí ó dé ní 2011, jẹ́ kí ẹ̀rọ lè gba fóònù nímọ̀ràn pé kí ó ṣí lọ. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe àṣẹ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, “fast roaming” ni wọ́n kọ sí ojú ètò rẹ̀. Ẹ tàn án, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ yín bá kọ̀ láti wọlé lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò gbọ́ èdè 802.11r.

Èyí tí ó burú jù ni a fi sẹ́yìn. Ẹlòmíràn a ra ráútà kejì, a so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, a sì fi í sílẹ̀ bí ó ṣe ti inú páálí jáde. Ráútà méjì báyìí dà bí baálé méjì nínú agbo ilé kan: bí fóònù bá ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì, àdírẹ́sì rẹ̀ yí padà, ìpè tí ń lọ lọ́wọ́ sì ní láti wá ọ̀nà tuntun tàbí kí ó já. Kò sí 802.11r tí ó lè wo èyí sàn. Ẹ wọ inú ètò ráútà kejì, kí ẹ yí i sí “access point”, kí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ fi wáyà so wọ́n pọ̀ bí ilé bá gbà. Kí ẹ sì dín agbára 2.4 GHz kù, pàápàá bí ilé bá kéré.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ pe àbúrò yín kan, kí ó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta láìsinmi, kí ẹ̀yin sì máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ẹ bá gbọ́ èje, tí ẹ kò gbọ́ ẹ̀jọ, ibi tí ẹ dúró sí nígbà náà ni fóònù ti ń ṣí. Ẹ sún ẹ̀rọ òkè mọ́ ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún un kà.