Bí Àdán Bá Gé Ọmọ Yín Jẹ

Ọ̀rọ̀ aṣọ ìkókó ni mo ti pèsè sílẹ̀ fún oṣù yìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé tí ó mú mi sún un síwájú. Ìyàwó kan tí ó ń gbé ní abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, rí àdán kan tí ó já bọ́ sí ìdí igi ìrókò ní ọ̀sán gangan, ó sì fọwọ́ gbé e. Àdán náà gé e jẹ ní ìka. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi epo pupa àti iyọ̀ ra ojú ọgbẹ́ náà, ó ní kò séwu, nítorí láti ayébáyé ni ìdílé àwọn ti ń jẹ àdán tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ó ti di ọjọ́ 11 kí ìyàwó náà tó kọ̀wé. Ọgbẹ́ ti jinná, ọmọ ń jẹun, ó ń ṣeré. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé kí òun gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni, tàbí kí òun gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n sì máa pe òun ní aláṣejù?

Mo ti fi èsì ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dúró de ìwé ìròyìn olóṣooṣù. Ohun tí mo sọ ni pé kí ó gbé ọmọ náà lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí lè bá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ìyá jẹ ni pé ọgbẹ́ ti jinná. Àrùn dìgbòlugi kì í dúró sí ojú ọgbẹ́. Kòkòrò rẹ̀ tí ó wà nínú itọ́ ẹranko a máa gba inú iṣan ara lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ìrìn àjò yìí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sábà máa ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan. Ní gbogbo àkókò náà, ọmọ yóò máa ṣeré bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ní ọjọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò sí dókítà, kò sí babaláwo, tí a lè gbójú lé pé yóò dá a padà. Àwọn tí ó là á já ní gbogbo àgbáyé kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dí i lọ́nà. Ìdí nìyí tí ọjọ́ 11 kò fi pẹ́ jù, tí ọjọ́ 30 pàápàá kò fi pẹ́ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kìíní ni ó dára ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mọ irú ẹranko tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èyí fi hàn pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Àdán ni èyí tí ó tóbi, tí ó ń jẹ èso, tí ó máa ń so rọ̀ lórí igi ńlá ní agbo-ní-agbo. Ẹni tí ó bá ti wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ rí yóò ti gbọ́ ariwo wọn. Òòbẹ̀ ni kékeré tí ó ń jẹ kòkòrò, tí ó ń gbé inú àjà ilé, inú ihò igi àti abẹ́ páànù. Ẹyẹ kọ́ ni èyíkéyìí nínú wọn: wọ́n ní irun lára, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń fún ọmọ lọ́mú.

Ní ọdún 1956, ní Erékùṣù Èkó, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí kòkòrò àrùn kan lára àdán, tí ó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi. Orúkọ Èkó ni kòkòrò náà ń jẹ́ títí di òní nínú ìwé àwọn oníṣègùn káàkiri ayé. Ní ọdún 1968 wọ́n tún rí ìbátan rẹ̀ mìíràn lára asín ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò Mọ́kọ́lá sọ ọ́. Kò tíì sí ènìyàn kan tí a kọ sílẹ̀ pé kòkòrò ti Èkó yìí mú. Ti Mọ́kọ́lá ti mú ọmọdé ní ilẹ̀ wa, ọ̀kan sì kú ní ọdún 1971. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín: abẹ́rẹ́ tí a ń gbà nítorí dìgbòlugi ajá kò ní agbára tó láti dènà àwọn ìbátan méjèèjì yìí. Ẹ ó wá bi mí pé kí ni èrè rẹ̀ nígbà náà? Èrè rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè fojú lásán wo àdán kí ó mọ kòkòrò tí ó gbé, àti pé dókítà ni ó yẹ kí ó pinnu, kì í ṣe aládùúgbò. Èyí náà ni ó sì mú kí ìtọ́jú tí ìyá lè ṣe nínú ilé, kí wọ́n tó jáde rárá, ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ọṣẹ àti omi ni ìtọ́jú náà. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa da omi láti inú kẹ́tù tàbí igbá, kí ẹ̀yin máa fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí omi náà máa ṣàn lọ, fún odindi ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ti rò lọ. Ọmọ yóò sunkún, àwọn ará ilé yóò ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀yin pàápàá yóò fẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe dá a dúró. Lẹ́yìn náà, bí áyódìn bá wà nílé, ẹ fi sí i. Kò sí àyè fún epo pupa, ata, kẹrosíìnì tàbí ìgbẹ́ màlúù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Eyín òòbẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ibi tí ó ti gé ènìyàn jẹ lè má hàn rárá. Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ pé ó gé òun jẹ, ẹ gbà á gbọ́. Bí ẹ bá sì jí tí ẹ rí òòbẹ̀ nínú yàrá tí ìkókó sùn sí, ìkókó kò lè ròyìn. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kí ẹ tó wọkọ̀, bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ lè pè, ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà wà ní ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ni ó máa ń wà. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á. Ẹ padà lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.

Ìyá ọkọ tí ó ní ohunkóhun kò ṣe àwọn rí kò purọ́; ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Ní Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, wọ́n ń ṣe ọdún àdán, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ́mọdé lágbà máa ń wọ inú ihò àpáta lọ mú wọn. Àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ọdún 2010 àti 2013. Nínú àwọn ènìyàn 2,112 tí ó wà nínú ilé tí wọ́n yẹ̀ wò, 213 ni ó ti fọwọ́ kan àdán tàbí tí àdán ti gé jẹ tàbí ti fi èékánná ya rí. Àdán ti gé 52 nínú wọn jẹ. Nínú 203 tí wọ́n yẹ̀ wò nínú àwọn tí ó ti fara kan àdán, ẹni 3 péré ni ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Wọn kò rí àmì àwọn ìbátan dìgbòlugi tí mo dárúkọ lókè yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kankan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀ wò, ó ju ìdajì lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní àmì pé wọ́n ti bá a pàdé. Ìyẹn ni pé ohun tí a ń bẹ̀rù wà nínú ihò náà. Kò tíì tẹ̀lé ènìyàn wálé ni.

Ibi tí ó ti jọ pé ó tẹ̀lé ènìyàn wálé ni abúlé Meliandou ní orílẹ̀-èdè Gínì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ọmọkùnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 2 lọ kú níbẹ̀, òun ni wọ́n sì gbà pé Ebola kọ́kọ́ mú nínú àjàkálẹ̀ ńlá tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dé abúlé náà, wọ́n gbọ́ nípa igi oníhò kan ní ẹ̀bá ilé, tí òòbẹ̀ kún inú rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣeré níbẹ̀. Ìfura ni èyí, ẹ̀rí kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí àjàkálẹ̀ náà tó rọlẹ̀, ó ti pa ènìyàn tí ó ju 11,000 lọ, púpọ̀ jùlọ ní Gínì, Làìbéríà àti Sàró. Ó dé Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tí ó dá ẹni àkọ́kọ́ dúró sí ilé ìwòsàn sì wà lára wọn. Ẹ̀yin náà lè rántí omi iyọ̀ tí àwọn ènìyàn ń mu tí wọ́n fi ń wẹ̀ ní òru nígbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ náà pa. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní kí ẹ ṣọ́ra, n kò ní kí ẹ sá síwá sá sẹ́yìn.

Ẹ kọ́ ọmọ yín pé àdán tí ó bá wà nílẹ̀ ní ọ̀sán, tí kò lè fò, àìsàn lè máa ṣe é. Kí wọ́n wá pe àgbàlagbà. Èso tí eyín àdán bá wà lára rẹ̀, yálà máńgòrò, gúáfà, ìbẹ́pẹ tàbí kaṣú, ẹ má ṣe gé ibi tí ó jẹ kúrò kí ẹ fún ọmọ ní ìyókù. Ẹ má sì ṣe kó o fún ẹlẹ́dẹ̀, nítorí àrùn kan tí ó jáde láti ara àdán gba ara ẹlẹ́dẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ní Màlésíà láàárín ọdún 1998 sí 1999, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Ní Bangladéṣì, omi ọ̀pẹ ni àrùn yìí kan náà ń bá wá, nítorí àdán máa ń lá a, ó sì máa ń tọ̀ sí inú ìkòkò tí wọ́n gbé kọ́ ara igi. Àwọn àgbẹ̀ kan níbẹ̀ wá ń fi ọparun wẹ́wẹ́ ṣe ìbòrí fún ojú ibẹ̀. A kò tíì rí àjàkálẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àdán wa náà mọ ojú agbè ẹmu. Ẹ bẹ adẹ́mu yín kí ó máa bo agbè rẹ̀. Ẹ bo àmù omi pẹ̀lú, àti oúnjẹ tí ó bá kù mọ́jú. Ìbòrí kan náà yìí ni yóò lé eku tí ó ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí ó ń pa ènìyàn ní Oǹdó ju àdán lọ lọ́nà jíjìn.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, ìyàwó náà bi mí ní ohun kan sí i: ọkọ òun ni ó ń pa àdán wálé, òun sì ni ó ń sun irun rẹ̀, tí ó ń la inú rẹ̀, kí ni kí òun ṣe? Ó hàn sí mi pé ìbéèrè yìí ni ó wúwo jù lọ́kàn rẹ̀. N kò ní sọ pé kí ó da ilé rú nítorí ẹran. Kí ó dúró títí baálé yóò fi jẹun tán, kí ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún un ní ìyẹ̀wù, kì í ṣe níwájú ìyá rẹ̀ tàbí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó sì ti orí ìka ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò ní gba ìkìlọ̀ lórí ẹran yóò gbà á lórí ọmọ. Kí ọkọ tó gbà, ó ní ibi tí kò yẹ kí ó fara mọ́. Kí ó má ṣe gba àdán tí ó ṣì wà láàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó má sì ṣe se èyí tí wọ́n rí tí ó ti kú sílẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ti bù ú lọ́wọ́, tàbí bí ó bá wà nínú oyún, kí ẹlòmíràn ṣe é. Ewu inú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ tútù ju ti ẹran tí ó jinná lọ. Nítorí náà, kí ó fi ọ̀rá wé ọwọ́ méjèèjì, kí ó lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, kí ó sì sè é títí yóò fi máa bọ́ lára egungun. Yíyan lórí iná lásán kì í dé inú. Ọ̀bẹ àti ọpọ́n tí ó bá lò, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí ó fi fọ̀ wọ́n kí ó tó gé ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì lórí wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi sún ẹnikẹ́ni láti lọ fi iná sun igi tí wọ́n ń gbé, tàbí láti máa pè wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́. Igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, àdán wà lára àwọn tí ó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ kiri ní òru kí ó lè so. Araba náà jẹ ẹ́ ní gbèsè bẹ́ẹ̀, àdán ni ó sì ń tú irúgbìn ìrókò ká sínú igbó. Òòbẹ̀ ń jẹ ẹ̀fọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni àdán ń bí lọ́dún, ó sì máa ń gbé e mọ́ àyà bí ó ti ń fò.

Bí òòbẹ̀ bá sì ti wà nínú àjà ilé yín, ẹ dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú tí wọn yóò jáde lọ jẹun, kí baálé fi páànù tàbí nẹ́ẹ̀tì dí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ọmọ wọn lókè, ẹ ní sùúrù títí àwọn náà yóò fi lè fò, nítorí èyí tí ẹ bá sé mọ́ ibẹ̀ yóò kú, yóò rùn, tàbí kí ó já bọ́ sórí ibùsùn yín. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ẹ wọ́n omi ọlọ́ṣẹ sí i kí ó rin kí ẹ tó gbá a, kí ẹ fi aṣọ bo imú, kí àwọn ọmọdé sì wà ní ìta títí ẹ ó fi parí.