Ẹni Tí Ń Ṣiṣẹ́ Tí Ó Sì Ń Kàwé

Ẹ̀yin ará ilé wa, iṣẹ́ oṣù àti ẹ̀kọ́ Yunifásítì, ẹrù méjì ni lórí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n a ti rí ẹni tí ó rù ú délé. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọlọ́jà àti onímọ́tò, fi gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944.

Ẹ̀yin aya àti òbí, bí ẹni yín bá jókòó ti ìwé lálẹ́, ẹ má ṣe pè é ní agbéraga. Ẹ bá a dín iṣẹ́ ilé kù. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má ṣe jí àkókò ọ̀gá rẹ kàwé. Bí ó bá sì rẹ̀ ọ́, sinmi: ẹni tí ó dúró mí kò tí ì padà sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.